Ẹni Tó Jó Káríà Ni Yóò Sùn Sábẹ́ Rẹ̀

Tóbi, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ èyí sílẹ̀, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ irin. Ohun tí mo bá sọ nípa irin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi tún un ṣe.

Tóbi ní àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń wá àgbà tí yóò sọ iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, kí àwọn náà lè mọ èyí tí wọn yóò mú. Mo ní ó dáa. Wẹ́dà ni mí, iná ni mo fi ń jó irin pọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni káríà orí ọkọ̀ àti bọ́ńpà jíìpù, irú jíìpù tó ń wọ oko, tó ń gun òkè. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é, ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́ níbí. Nínú gbogbo ọdún náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó wá ní, "Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá ńkọ́?" Pẹ̀lú dígí dúdú lójú mi! Pẹ̀lú iná lọ́wọ́ mi! Ìjókòó wo ni mo jókòó?

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Ìsinkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní owó iléèwé kò kárí, kí àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọkùnrin lọ, owó tán. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Oǹdó. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni Ọ̀gá Fọlárìn ti ń jó irin, èmi ni mo sì ń pọn omi fún wọn. Ní ọjọ́ kan mo gbé omi dé, mo dúró, mò ń wò ó. Ọ̀gá pariwo mọ́ mi:

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, má wo iná yẹn, yóò fọ́ ọ lójú!"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà ń wò ó. Ẹ fún mi ní dígí yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú. Ọ́fíìsì ń ṣí káàkiri. Jíìpù ìjọba, jíìpù onígẹdú, jíìpù àwọn tó ń ra kòkó, gbogbo wọn kún ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ibi tí wọn yóò gbé ẹrù sí.

Ọ̀gá Fọlárìn le. Mi ò ní parọ́ kí n ní ó ṣe bàbá fún mi. Ọdún kan gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná. Ayùn irin ni mo ń fà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, òòlù ni mo fi ń na irin tó wọ́ títí yóò fi tọ́. Bí mo bá gé páìpù tí ẹnu rẹ̀ kò gún, yóò gbé e síwájú mi, yóò ní, "Ta ló jẹ èyí? Ṣé eku ni àbí èèyàn?" Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ a bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí tiwọn náà kò bá gún, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ sí wọn. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo wa, ojú burúkú.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣe káríà, Ọ̀gá kò ní wọn ọkọ̀ rẹ̀ títí yóò fi bi í léèrè: "Kí lẹ máa kó? Ibo lẹ máa kó o gbà?" Bí oníbàárà bá ní, "Ẹ ṣáà ṣe èyí tó dáa fún mi," Ọ̀gá a ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi kó ronú wá. Káríà ẹni tó ń kó ẹrù aṣọ lọ sí Èkó kò lè jọ ti ẹni tó ń kó àpò kòkó sọ̀ kalẹ̀ láti Ìdànrè. Irin tó bá wúwo jù ti jẹ nínú agbára ọkọ̀ kí ẹrù tó dé orí rẹ̀. Èyí tó bá sì fúyẹ́ jù, á wọ́ lójú ọ̀nà.

Jíìpù ìgbà náà ní etí lára òrùlé, níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn. Etí yẹn ni ẹsẹ̀ káríà máa ń dì mú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. A ó gé rọ́bà táyà àtijọ́ sáàárín kí irin má bàa jẹ ọ̀dà ọkọ̀. A kì í lu òrùlé. Ọ̀gá ní ẹni tó bá lu òrùlé ọkọ̀ ti ránṣẹ́ pe òjò wọlé. Bọ́ńpà náà ní òfin tirẹ̀. Ara ṣáásì la ń dè é mọ́, ìyẹn egungun ọkọ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe ara páànù. A ó gé etí rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀, kó má bàa máa gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. A ó fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀. A ó sì jó ìkọ́ méjì mọ́ ọn, nítorí ọkọ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀, ìkọ́ ni wọn yóò fi fà á, wọn kò ní fi àdúrà fà á.

Òfin tó ju gbogbo òfin lọ ni ti ìgbọ̀nwọ́. Ògiri káríà kò gbọdọ̀ ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọ̀gá ní, "Àwọn tó ń kó ẹrù kì í ka ẹrù, àyè ni wọ́n ń kà. Fún wọn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, wọn á kún un. Fún wọn ní méjì, wọn á kún un, wọn á tún fi okùn so ewúrẹ́ mọ́ ọn lórí."

Bí a bá wá parí káríà, a ó gbé e lé orí dúrọ́ọ̀mù méjì. Ọ̀gá àti ọkùnrin méjì a gun orí rẹ̀, wọn a máa fò. Ẹni tó jó o pọ̀ a sùn gbalaja sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó jó o ni yóò sùn sábẹ́ rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ń wí. "Bí ìwọ kò bá lè sùn sábẹ́ rẹ̀, kí ló dé tí o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sábẹ́ rẹ̀?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sùn sábẹ́ tèmi, mo di ojú, mo ń ka Sáàmù kan tí mo mọ̀. Ìdajì rẹ̀ péré ni mo mọ̀, mo wá ń ka ìdajì náà ní àkàtúnkà.

Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo padà sí Àkúrẹ́, mo yá ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Gáàsì la fi ń jó irin nígbà náà, èyí tí a ń fi òkúta kábáàdì àti omi ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ oníná mànàmáná dé, tí jẹnẹrétọ̀ tún dé nítorí iná ìjọba kì í dúró. Ẹ̀rọ tó ń gé irin náà dé, ohun tí mo fi ayùn gé láàárọ̀ kan, yóò gé e kí o tó pòṣé tán. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí irinṣẹ́ ṣe ń yára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọgbọ́n sílẹ̀. Ẹ lọ wo Ìjàpọ̀ Estate, àdúgbò àwọn olówó Àkúrẹ́, lónìí. Jíìpù tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí, wọ́n á gbé bọ́ńpà Èkó tó nípọn lójú sí i níwájú. Bí o bá fi ìka kàn án, á dún bí agolo tòmátì. Páànù ni wọ́n dè é mọ́! Mo bi ọ̀kan nínú wọn, "Ọmọ mi, kí lèyí wà fún?" Ó ní, "Màmá, fún ẹwà ni." Mo ní ẹwà tí yóò já sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá kọlu ògiri, ṣé ẹwà nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ mi. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Kòkó. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè, ó ń kó o wá sí Àkúrẹ́. Ó ra jíìpù, ó gbé e wá bá mi. Mo bi í ní ìbéèrè Ọ̀gá mi. Ó ní àpò mẹ́fà ni, kòkó gbígbẹ, kò ní lé kan. Mo ṣe káríà àpò mẹ́fà fún un, ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Mo sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo sì de bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀ náà níwájú. Nígbà tó dé, ó wò ó, ó fajú ro.

"Ìyá Wẹ́dà, káríà yìí mà kúrú."

"Kò kúrú. Ẹrù yín ló bá mu."

"Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ kan lé e."

"Mi ò ní fi lé e."

"Ṣé owó lẹ fẹ́ gbà sí i ni?"

"Owó kọ́, Baba. Kọ́nà Ìdànrè ni mò ń wò."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. "Obìnrin ṣáà ni yín, ẹ̀rù á bà yín." Ó bá wọ ọkọ̀. Sùnmọ́nù awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́, juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé bí ẹni pé kí n má bínú.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Alága ẹgbẹ́ àwa wẹ́dà ni Baba Kòkó gbà lọ láti ọ̀dọ̀ mi. Alága fúnra rẹ̀! Ó jó àjà kejì lé orí káríà mi, irin tíńrín, ó fi iná kàn án níbi kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ran aṣọ tó ya fún ìgbà díẹ̀. Ó wá kùn ún ní ọ̀dà dúdú kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tí tèmi parí sí.

Lọ́dún náà, òjò kò dáwọ́ dúró. Kòkó àwọn àgbẹ̀ kò gbẹ. Ẹ̀rù ń ba Baba Kòkó kí àwọn tí wọ́n jọ ń rà á má ṣáájú òun, ó bá ra tútù. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nídìí kòkó mọ̀ pé àpò kòkó tútù kan kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò gbígbẹ. Ṣùgbọ́n àpò ni Baba Kòkó ń kà, kò ka omi inú rẹ̀. Ó kó mẹ́fà sísàlẹ̀, ó kó mẹ́rin sí àjà kejì, ó ní kí Sùnmọ́nù máa lọ.

Ní kọ́nà kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti Ìdànrè, àjà kejì já. Àpò mẹ́rin yí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ tẹ̀ sí ibẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ forí sọ igi, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹsẹ̀ Sùnmọ́nù ṣẹ́. Bí kì í bá ṣe bọ́ńpà tí mo dè mọ́ ṣáásì, ẹ́ńjìnnì ni ìbá wá bá a láyà. Bọ́ńpà wọ́, Sùnmọ́nù yè. Títí di òní, kò sí ẹni tó dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kejì, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá àgádágodo ẹgbẹ́ lórí àgádágodo mi. Ìyá Bọ́sẹ̀, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sáré jáde.

"Wọ́n ní káríà rẹ pa èèyàn!"

"Ta ló kú?"

"Wọn ò tíì sọ."

Ẹ wò ó! Wọ́n ti dájọ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó kú. Wọ́n pè mí sí ìpàdé. Gbogbo wọn ọkùnrin, èmi nìkan ni obìnrin. Ta ló sì jókòó sórí àga ìdájọ́? Alága. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, tirẹ̀ mú tó láti gbẹ́ tèmi.

Ó ní, "Ìyá wa, a mọ̀ pé ẹ ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Irin kì í ṣe ohun obìnrin, a kàn gbà yín láàyè ni."

Mo ní, "Ta ló gbà mí láàyè? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Wọ́n ní kí n rọra. Akọ̀wé wọn fa ìwé kan yọ, ó gbé ìǹkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Màmá, ẹ kàn tẹ̀ka síbí. Ìwé lásán ni, kí ọkàn Baba Kòkó lè balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ṣí ṣọ́ọ̀bù yín."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ sílé ná. Ojú wọn kò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé rárá. Ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni mo gbé e lọ tààrà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó kà á jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi gbà pé káríà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ló fa ìjàǹbá náà, àti pé mi ò ní ṣe káríà tàbí bọ́ńpà kankan mọ́ ní Àkúrẹ́ títí ayé mi.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ìwé lásán kọ́ lèyí o. Ìwé ìsìnkú ni. Òkú rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá tẹ̀ka."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, inú ti bí mi rí láyé mi, ṣùgbọ́n kò bí mi bíi ti ọjọ́ yẹn. Wọ́n rò pé nítorí mi ò mọ ìwé, ẹ̀tàn ni wọn yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tẹ̀ka, iṣẹ́ mi tán, orúkọ mi bàjẹ́. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, àgádágodo wọn kò ní kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Mo padà lọ bá Ọ̀gá Fọlárìn ní Oǹdó, mo ń bá a jó irin lọ́jọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ mi. Ó ti darúgbó. Mo ro ẹjọ́ fún un. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó kàn bi mí pé, "Káríà náà ńkọ́? Níbo ló wà?"

Mo wá rí i pé nínú gbogbo ariwo náà, kò sí ẹnikẹ́ni tó lọ wo káríà.

Mo lọ bá Sùnmọ́nù níbi tí wọ́n ti ń to eegun rẹ̀. Ó rí mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Ọ̀dọ̀ Alága ni wọ́n ti fi kún un. Èmi ni mo wa ọkọ̀ débẹ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ bá Baba Kòkó, mo ní kó fún mi ní káríà mi. Ó ní kí n kó irin ìjàǹbá mi kúrò níwájú òun. Ọkọ̀ náà ti fẹ̀gbẹ́ balẹ̀, ó ti kọlu igi, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di etí òrùlé mú gírígírí. Sípánà ni mo fi tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó àjà kejì tó já náà dání.

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé, mo fi píkọ́ọ̀pù gbé gbogbo rẹ̀ lọ, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù méjì. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo gbé káríà mi lé orí dúrọ́ọ̀mù níwájú gbogbo wọn. Mo so ìró mi dáadáa. Mo sùn sábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ọkùnrin mẹ́ta, ẹ gùn ún. Ẹ fò."

Wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn mẹ́ta gùn ún, wọ́n ń fò. Mo wà nísàlẹ̀, àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn ni mò ń wò. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó rí, káríà náà kò mì. Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára. Mo gbé àjà kejì lé orí dúrọ́ọ̀mù.

"Alága, ó kàn yín. Ẹni tó jó o ni yóò sùn sábẹ́ rẹ̀."

Ó fò dìde. "Ta ló ní èmi ni mo jó o?"

"Èmi ni." Sùnmọ́nù ló sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ wọlé. "Èmi ni mo gbé ọkọ̀ wá bá yín, sà. Ẹ ní kí n lọ jẹun kí ẹ tó parí. Mi ò tíì jẹun tán tí ẹ ti parí."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn wá ní, "Alága, ẹ sùn o, ilẹ̀ kò tutù!" Ẹ̀rín bú. Alága wo irin náà, ó wo ilẹ̀. Ó ní aṣọ funfun ni òun wọ̀. Kò sùn.

Ẹ rò pé wọ́n tọrọ àforíjì? Akọ̀wé ló dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, wọn yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, kí gbogbo wa gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó kéde mi láti Ọjà Ọba dé Ìsinkàn pé mo pa èèyàn, wọ́n ní kí á gbàgbé!

Mo ní, "Ìwé yín tó wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ mú un wá, a ó fi í sínú fáìlì."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe nínú fáìlì?"

"Ìwé ẹgbẹ́ ni, Màmá. A kì í ya ìwé ẹgbẹ́."

Mo ní mi ò ní ya á. Gáàsì ẹnì kan wà níbẹ̀, mo tan án, mo na ìwé náà sí i. Iná gáàsì kì í jẹ ìwé, ńṣe ló ń gbé e mì. Eérú tó kù kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ dé, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo fi ojú ẹgbẹ́ gbolẹ̀, pé títí n ó fi wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, wọn kò ní kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn àgbà. Mo ṣe iṣẹ́ mi lọ láìsí orúkọ náà. Alága kú. Akọ̀wé di alága. Ojú mi kò gba iná mọ́, mo jókòó sílé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán ọkùnrin kan sí mi ní Ìsinkàn níbí. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ẹ kàn sọ pé ẹ ti tọrọ àforíjì, kódà ẹ má kúnlẹ̀, a ó sì fi yín ṣe ìyá ẹgbẹ́."

Mo ní kó jókòó. Mo fún un lómi tútù, ó mu ún. Mo wá ní kó lọ sọ fún wọn pé inú ṣì ń bí mi lọ́wọ́. Bí mo bá bínú tán, n ó ránṣẹ́ sí wọn.